Ọjọ́ Tí Wáyà Abẹ́ Òkun Já

Ẹ jẹ́ kí a rán ara wa létí ohun kan tí ó ṣẹlẹ̀ nínú ààwẹ̀ Rọ̀mọ̀dáànù ọdún 2024.

Ní ọjọ́ 14 oṣù Kẹta ọdún náà, tí ààwẹ̀ wa di mẹ́rin, wáyà mẹ́rin tí ó gba ìsàlẹ̀ òkun kọjá bàjẹ́ nítòsí Abidjan ní ilẹ̀ Ivory Coast: WACS, MainOne, ACE àti SAT-3. Inú irú wáyà bẹ́ẹ̀ ni íntánẹ́ẹ̀tì ń gbà wọ ilẹ̀ wa. Lọ́jọ́ náà, iṣẹ́ dẹnu kọlẹ̀ ní àwọn báńkì kan, íntánẹ́ẹ̀tì sì ń wọ́ bí ìgbín. Ẹni tí ó ní owó ní báńkì dúró níwájú alákàrà. Tiransifá kò lọ, ìṣínu sì kù díẹ̀.

Báwo ni a ṣe dé ibẹ̀? Díẹ̀díẹ̀ ni eku ń jawọ. Ṣáájú ọdún 2001, ẹni tí ó fẹ́ bá ará òkè òkun sọ̀rọ̀ a lọ tò sí ọ́fíìsì NITEL, tàbí kí ó kọ lẹ́tà. Oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni fóònù GSM dé. Ní 2010, MainOne gúnlẹ̀ sí Èkó. Ní 2012, Báńkì Àpapọ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò dídín ìnáwó olówó-ọwọ́ kù ní Èkó. Ní 2020, àrùn Kòrónà ti mọ́sáláṣí àti ilé-ìwé, wáàsí àti ẹ̀kọ́ sì bọ́ sórí fóònù. Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023, nítorí pípààrọ̀ owó náírà, owó wọ́n bí ojú. Àwọn ìyá wa tí kò ṣe tiransifá rí kọ́ ọ ní tipátipá. Kò sí ọjọ́ kan tí a jókòó tí a pinnu pé kí ohun gbogbo rọ̀ mọ́ wáyà.

A kò sọ pé íntánẹ́ẹ̀tì burú. Ọ̀pọ̀ ọmọ wa ni ó ti ibẹ̀ rí ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́. Ohun tí a ń sọ ni pé ọ̀nà kan kò wọ ọjà. Òjìji oòrùn ni àwọn bàbá wa fi ń mọ àkókò ìrun, ojú ni wọ́n fi ń wá oṣù. Ẹsẹ tí ó gùn jù nínú Alukuráánì, ẹsẹ 282 nínú Suratul Bakara, ọ̀rọ̀ kíkọ gbèsè sílẹ̀ pẹ̀lú ẹlẹ́rìí ni ó dá lé. Alákàrà tí ó mọ oníbàárà rẹ̀ lè ta àwìn fún un, kí wọ́n sì kọ ọ́ sílẹ̀. Ìwé àti kálàmù kò bèèrè wáyà; ìfọkàntán náà kò bèèrè rẹ̀.

Ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi tún àwọn wáyà náà ṣe. Wọ́n tún lè já lọ́la. Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí owó díẹ̀ wà nílé, kí nọ́ńbà àwọn ẹbí wà nínú ìwé, kí Alukuráánì wà ní àyà wa, kí a sì mọ orúkọ aládùúgbò wa. Kí Ọlọ́run Allah má jẹ́ kí ọ̀nà kan ṣoṣo kù fún wa. Àmín.