Orúkọ Méjì Lórí Ìlà Kan: Opeyori, Olofua àti Badminton Ẹlẹ́ni Méjì

Bí ẹ bá bi ọmọ Nàìjíríà kan pé ta ló ṣe wá lóore ní Òlíńpíìkì Tokyo, orúkọ méjì ló máa kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: Blessing Oborududu tó gba fàdákà nínú ìjàkadì, àti Ese Brume tó gba idẹ nínú ìfòjìnnà. Ẹlòmíì á rántí àwọn eléré orí pápá wa mẹ́wàá tí wọ́n dá dúró kí eré tó bẹ̀rẹ̀, nítorí pé wọn kò ṣe iye àyẹ̀wò tí òfin ní kí wọ́n ṣe. Ó ṣọ̀wọ́n kí ẹnikẹ́ni dárúkọ Godwin Olofua àti Anuoluwapo Juwon Opeyori. Bẹ́ẹ̀ àwọn méjèèjì wà níbẹ̀. Nínú badminton ẹlẹ́ni méjì ti ọkùnrin, ẹgbẹ́ 16 péré ni gbogbo ayé rán wá, àwọn nìkan ló sì ti Áfíríkà wá láàárín wọn. (Mo fi orúkọ wọn sílẹ̀ bí ìwé èsì ṣe ń kọ ọ́, láìsí àmì ohùn.)

Ìdí tí mo fi ń kọ èyí ni pé nígbà tí a bá ń kọ ìtàn eré ìdárayá wa, orúkọ kan ṣoṣo la máa ń wá. A fẹ́ akọni kan, àwòrán kan, ìdíje kan. Eré ẹlẹ́ni méjì kò gbà bẹ́ẹ̀. Kò sí bí èèyàn ṣe lè sọ ìtàn Opeyori nídìí eré yìí kó má kan ìtàn Olofua, òótọ́ ibẹ̀ sì ni pé ọ̀nà ẹlẹ́ni méjì yìí ni Opeyori gbà dé Òlíńpíìkì nígbà àkọ́kọ́, kì í ṣe ọ̀nà ẹlẹ́nìkan tí gbogbo ènìyàn mọ̀ ọ́n mọ́.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ọdún 2019. Ní oṣù kẹrin ọdún náà, ìdíje badminton ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Port Harcourt, Opeyori sì gba ife ẹlẹ́nìkan ti ọkùnrin. Nígbà tó di oṣù kẹjọ, Eré Ilẹ̀ Áfíríkà wáyé ní Morocco. Casablanca ni wọ́n ti gbá badminton, ibẹ̀ sì ni òun àti Olofua ti jọ gba wúrà ẹlẹ́ni méjì. Ó yẹ ká rántí pé badminton kò pẹ́ nínú eré yẹn rárá. Nígbà tí Èkó gba àlejò rẹ̀ ní 1973, tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ pápá ìṣeré ńlá ti Surulere, kò sí badminton nínú ètò. Ìgbà tí eré náà tún padà wá sí Nàìjíríà, ní Abuja ní 2003, ni badminton ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé. Àwọn tó gba wúrà ní Casablanca kò ju ọmọdé lọ nígbà náà. Opeyori, tí wọ́n bí ní 1997, kò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́fà.

Wúrà yẹn dára, ṣùgbọ́n wúrà nìkan kì í gbé èèyàn dé Òlíńpíìkì. Àtẹ ipò àgbáyé ló ń gbé e débẹ̀, àtẹ yìí sì ní ìwà tirẹ̀. Ẹlẹ́nìkan máa ń kó pọ́ìntì jọ sí orúkọ ara rẹ̀. Ní ti ẹlẹ́ni méjì, pọ́ìntì kì í ṣe ti ẹnikẹ́ni nínú àwọn méjèèjì. Ti ẹgbẹ́ náà ni. Bí ìwọ àti ẹnìkejì rẹ bá pínyà lónìí, tí o mú ẹlòmíì lọ́la, ìwọ àti ẹni tuntun náà yóò bẹ̀rẹ̀ láti òdo, bó ti wù kí o ti pẹ́ lórí eré tó. Èsì mẹ́wàá tó dára jù láàárín ọdún kan ni wọ́n ń kà. Nítorí náà àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ jọ rìnrìn-àjò, kí ara àwọn méjèèjì jọ yá, kí wọ́n sì jọ rí owó ọkọ̀. Bí ẹnìkan bá rọ́ lọ́rùn ẹsẹ̀ ní Accra, ẹni méjì ló jókòó sílé.

Fún Tokyo, àkókò ìkójọ pọ́ìntì bẹ̀rẹ̀ ní ìparí oṣù kẹrin 2019, ó sì yẹ kó parí lẹ́yìn ọdún kan. Kòrónà dé, wọ́n dá ìdíje dúró káàkiri ayé, wọ́n sì fa àkókò náà gùn títí di oṣù kẹfà 2021. Òfin kan wà tó ran ilẹ̀ wa lọ́wọ́: kọ́ńtínẹ́ǹtì kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀tọ́ sí àyè kan, ó kéré tán, nínú ìsọ̀rí kọ̀ọ̀kan. Ẹni tó bá ga jù lórí àtẹ ní Áfíríkà ló máa gbà á. Nínú ẹlẹ́nìkan ti ọkùnrin, Georges Julien Paul ọmọ Mauritius ló wà ní Tokyo láti Áfíríkà. Opeyori, tó gba ife ilẹ̀ Áfíríkà ní Port Harcourt, kò sí nínú ìsọ̀rí yẹn. Ẹ̀yìn Olofua ló gbà wọlé, Olofua náà sì gba ẹ̀yìn rẹ̀ wọlé. Lọ́dọ̀ àwọn obìnrin, Dorcas Ajoke Adesokan wà níbẹ̀ nínú ẹlẹ́nìkan.

Fún ẹ̀yin tí ẹ kò gbá a rí ju ti ojú pópó lọ, ẹ má rò pé ẹlẹ́ni méjì jẹ́ ẹlẹ́nìkan tí a kàn fi ènìyàn kún. Eré mìíràn ni. Pápá fẹ̀ sí i: mítà 6.1 dípò 5.18, ìyẹn ni pé ilà tẹ́ẹ́rẹ́ kan ní ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti ti òsì máa ń wà láàyè. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n bá ń sáàfù, pápá náà tún kúrú sí i lẹ́yìn, nítorí náà ẹni tó bá gbé ṣọ́tù sókè fún ẹni tó ń gbà á ti fún un ní ẹran jẹ. Ìdí nìyẹn tí ẹ fi ń rí i tí wọ́n ń tì í jẹ́jẹ́, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ kan okùn àwọ̀n. Bí ẹ bá ń kọlù, ẹnìkan á wà níwájú, ẹnìkejì á wà lẹ́yìn tó ń já a bọ̀. Bí wọ́n bá ń kọlù yín, ẹ ó tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara yín. Ìyípadà láti ti àkọ́kọ́ sí èkejì kò ju ìṣẹ́jú àáyá kan lọ, kò sì sí àyè láti sọ̀rọ̀ ju “Tèmi!” tàbí “Fi sílẹ̀!” lọ. Bọ́ọ̀lù tó bá bọ́ sí àárín méjì ló ń tú àṣírí ẹgbẹ́ tuntun. Ẹ ó rí i kí àwọn méjèèjì dúró, kí wọ́n máa wo ara wọn, ṣọ́tù ti balẹ̀.

Ní Festac tí mo ti dàgbà, irú ẹlẹ́ni méjì kan wà tí kò sẹ́ni tó kọ́ wa. Nínú kílóòsì, bí oòrùn bá ti rọlẹ̀, wọ́n á so okùn mọ́ òpó méjì, rákẹ́ẹ̀tì kì í sì í kárí, nítorí náà ẹni méjì-méjì ló ń wọlé, kí ọ̀pọ̀ lè gbá. Àwọn tó bá pàdánù á bọ́ síta pọ̀. Ọ̀tá wa ni afẹ́fẹ́ tó ń ti ọ̀sà wá. Ṣọ́tù gidi, oníyẹ̀ẹ́ 16, kò wúwo ju gíráàmù márùn-ún ààbọ̀ lọ. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ báyìí ti sọ ọ́ di ohun tó wù ú. Ìdí nìyẹn tí badminton gidi fi jẹ́ eré inú gbọ̀ngàn, gbọ̀ngàn tí a sì ń gbọ́ orúkọ rẹ̀ ni ti Molade Okoya-Thomas ní pápá Teslim Balogun, Surulere. Ibẹ̀ ni ìdíje Lagos International, tó bẹ̀rẹ̀ ní 2014, ti ń wáyé. Láti Mile 2, ẹ gba Orílé lọ, kò jìnnà lójú àwòrán ilẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ mọ ọ̀nà yẹn kí ọkọ̀ ojú irin tó dé ní 2023 mọ ohun tí mò ń sọ.

Ohun tí mo fẹ́ràn nípa ìdíje bẹ́ẹ̀ ni pé pọ́ìntì àgbáyé wá bá àwọn ọmọ wa nílé. Bí kò bá sí i, wọ́n ní láti wá a lọ sí Cotonou, Accra, Abidjan tàbí Cairo. Ẹ wo ọ̀nà Badagry tó gba iwájú Festac kọjá: òun náà ló ń lọ sí Sẹ̀mẹ̀ àti Cotonou, níbi tí wọ́n ti ń gbá Benin International. Ní oṣù kẹjọ 2019 kan náà, nígbà tí eré ń lọ ní Morocco, ìjọba àpapọ̀ ti ẹnubodè yẹn, kò sì ṣí i títí di oṣù kejìlá 2020.

Ní oṣù keje 2021, wọ́n dé Musashino ní Tokyo, gbọ̀ngàn tí kò sí òǹwòran kankan nínú rẹ̀ nítorí kòrónà. Lára àwọn tí wọ́n kó sí ìpín kan náà pẹ̀lú wọn ni Takeshi Kamura àti Keigo Sonoda ti Japan, àwọn tó gba fàdákà nínú ìdíje àgbáyé ní 2018. Àwọn ọmọ wa kò jáde nínú ìpín wọn. Lee Yang àti Wang Chi-lin ti Taiwan ló gba wúrà níkẹyìn. Àwọn oníròyìn wa kọ ọ́ ní ìlà méjì pé “wọ́n ti já,” ọ̀rọ̀ sì parí síbẹ̀. Èmi kò rò pé bẹ́ẹ̀ ló ṣe yẹ kí a kà á. Kamura àti Sonoda ti ń gbá pọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún, ilé iṣẹ́ kan náà ló ń san owó oṣù fún wọn, iṣẹ́ wọn kò sì ju badminton lọ. Ìbéèrè tó tọ́ sí wa ni báwo ni ẹni méjì láti ibi tí a ti ń wá owó ọkọ̀ ṣe dé inú gbọ̀ngàn yẹn rárá.

Eré yìí máa ń so àyànmọ́ ẹni méjì pọ̀ jù bí ó ti yẹ lọ nígbà mìíràn. Ní London 2012, wọ́n lé ẹgbẹ́ obìnrin mẹ́rin kúrò, méjì láti Gúúsù Korea, ọ̀kan láti China, ọ̀kan láti Indonesia, nítorí pé wọ́n ń mọ̀ọ́mọ̀ pàdánù kí wọ́n lè yan ẹni tí wọ́n máa pàdé. Kò sẹ́ni tó bèèrè èwo nínú àwọn méjèèjì ló dá a lábàá. Ṣùgbọ́n ẹnìkan lè gbé ìgbésí ayé méjì nínú rẹ̀ pẹ̀lú: Hendra Setiawan ọmọ Indonesia gba wúrà Òlíńpíìkì ní 2008 pẹ̀lú Markis Kido, ó sì tún di ọ̀gá àgbáyé ní 2013, 2015 àti 2019 pẹ̀lú Mohammad Ahsan. Ní Indonesia, bí wọ́n bá ń dárúkọ rẹ̀, wọ́n á dárúkọ ẹni tó gbá a pẹ̀lú. Àṣà yẹn wù mí.

Ní ti Opeyori, ó tún gba ife ẹlẹ́nìkan ilẹ̀ Áfíríkà ní 2022 àti 2023, ó sì lọ sí Paris ní 2024, nínú ẹlẹ́nìkan lọ́tẹ̀ yìí. Orúkọ kan ṣoṣo ló wà lórí ìlà rẹ̀. Bí ẹ bá wá ìtàn rẹ̀ kà nísinsìnyí, Paris àti àwọn ife ẹlẹ́nìkan ló máa ṣíwájú, Tokyo á wà ní ìsàlẹ̀, Olofua á sì di “àti ẹnìkejì rẹ̀.” Nínú àwọn ìròyìn kan, kò tilẹ̀ sí “ẹnìkejì” yẹn mọ́.

Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í to àkọsílẹ̀ kékeré kan jọ nípa àwọn ẹlẹ́ni méjì tó gbá fún ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn àti Ọ̀yọ́ ṣáájú 2003. Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n wa tó ti jáde, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ gbé Festac àti Amuwo-Odofin ní ọdún 1980 sí 1999, bí ìwé ètò ìdíje, fọ́tò tàbí káàdì èsì bá wà nínú àpótí àwọn òbí yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ ya àwòrán rẹ̀ ránṣẹ́ sí wa. Bí ẹ bá mọ orúkọ ẹnìkan nínú fọ́tò náà, ẹ bá wa wádìí ti ẹni tó dúró ti í.