Aṣọ Àgbómẹ̀: Ìwé Tí a Fi Abẹ́rẹ́ Kọ

Ẹ̀yin ará wa, bí a bá gbọ́ pé ìtàn, ìwé ni ọkàn wa máa ń lọ sí. Ṣùgbọ́n àwọn baba wa ní ohun mìíràn tí wọ́n fi ń pa ìtàn mọ́. Ọ̀kan nínú rẹ̀ ni aṣọ. Ẹ jẹ́ kí a wo aṣọ Àgbómẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ àwa Nàgó wà lára rẹ̀.

Àgbómẹ̀ ni olú-ìlú ìjọba Dàhómì. Ọba ibẹ̀ ní àwọn aránṣọ tirẹ̀. Ìdílé Yemadje ló lókìkí jù nínú wọn. Ọkùnrin ni wọ́n. Baba ló ń kọ́ ọmọ. Láìsí àṣẹ ọba, wọn kò gbọdọ̀ rán irú aṣọ yìí fún ẹnikẹ́ni. Wọ́n ń rán an sí agboòrùn, fìlà àti àsíá.

Báyìí ni wọ́n ṣe ń ṣe é. Wọ́n á tẹ́ aṣọ kan sílẹ̀, dúdú tàbí funfun. Wọ́n á gé àwòrán ẹranko, ènìyàn tàbí ohun ìjà lára aṣọ aláwọ̀ mìíràn. Wọ́n á tò ó sórí aṣọ àkọ́kọ́, wọ́n á ká etí rẹ̀ wọlé díẹ̀díẹ̀, wọ́n á sì fi abẹ́rẹ́ rán an mọ́ ọn. Wọ́n ń lo aṣọ òwú ilé, wọ́n sì ń lo àrán àti aṣọ mìíràn tí àwọn òyìnbó kó gba orí òkun wá.

Gbogbo àwòrán ló ní ìtumọ̀. Ọkọ̀ ojú omi dúró fún ọba Agaja, ẹni tó gba Ouidah ní 1727. Ẹfọ̀n ni ti Gezo, kìnnìún ni ti Glele. Ẹja ńlá inú òkun tí eyín rẹ̀ mú ni ti Behanzin. Ẹni tí kò mọ̀wé á wo aṣọ náà, á sì mọ ọba tí à ń sọ.

Wọ́n tún ń rán ogun sára aṣọ. Àwa Nàgó ni wọ́n gbé ọ̀pọ̀ ogun yìí tì. Ní 1886, ọmọ ogun Glele pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ènìyàn lẹ́rú. Lára aṣọ àti lára ògiri ààfin, a rí jagunjagun Dàhómì tó ṣẹ́gun Nàgó. Ilà ojú ni wọ́n fi jẹ́ kí a mọ̀ pé Nàgó ni. Ẹni tó borí ló rán an. Kò rán ẹkún ìyá tí wọ́n kó ọmọ rẹ̀ lọ.

A-gbẹ́jọ́-ẹnìkan-dá, àgbà òṣìkà. Níbo ni ẹjọ́ tiwa wà?

Òun náà wà lára aṣọ. Ó pẹ́ tí ogun ti ń kó Nàgó lọ sí Dàhómì. Àwọn tí wọ́n kó lọ kò gbàgbé ilé. Egúngún bá wọn dé ibẹ̀. Àwọn Fọ̀n ń pè é ní Kutito. Aṣọ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti ọba. Ọ̀já aṣọ ló ń rọ̀ láti òkè dé ilẹ̀. Bí egúngún bá yí, gbogbo rẹ̀ á fẹ́. Ìdílé ló ń fi aṣọ kún un: àrán, dàmáásì, owó ẹyọ àti ohun dídán. Ti àtijọ́ wà nísàlẹ̀, ti òní wà lókè. Báyìí ni ẹni tí ogun kó ṣe rántí baba rẹ̀ nílùú ọ̀tá. Títí di òní, egúngún ń jáde ní Àgbómẹ̀.

Ní 1894, Faransé mú Behanzin, wọ́n sì gbé e lọ sí Martinique. Àwọn ará Kétu ti padà tún ìlú wọn kọ́. Àwọn aránṣọ kò ní ọba tó ń bọ́ wọn mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta iṣẹ́ wọn fún àlejò. Ní 2021, Faransé dá ohun 26 tí wọ́n kó ní ààfin padà. Ọ̀fì ìhunṣọ kan àti ṣòkòtò ọmọ ogun kan wà nínú wọn.

Ẹ̀yin tí ẹ ti mọ̀ ọ́n kọ, ẹ ṣí àpótí aṣọ ilé yín. Ẹ bi àwọn àgbà pé: ta ló rán èyí? Kí ni wọ́n rán an fún? Ẹ kọ ìdáhùn wọn sílẹ̀ ní èdè wa. Kòkòrò lè jẹ aṣọ. Kí ó má bàa jẹ ìtàn mọ́ ọn.