Dí, Yọ Lẹ́nu, Dàrú: Ọ̀rọ̀ Mẹ́ta àti Ààlà Manigri

Ọ̀rọ̀-ìṣe Gẹ̀ẹ́sì kan wà, disturb, tí ó ti inú Látìn wá; turba ni Látìn ń pe rúkèrúdò èrò. Yorùbá kò kó ìtumọ̀ rẹ̀ sínú ọ̀rọ̀ kan. Ẹni tí ó dá oníṣẹ́ dúró dí i lọ́wọ́. Ẹni tí ó ń fòòró ẹlòmíràn ń yọ ọ́ lẹ́nu. Ohun tí ó ti wà létòlétò, tí ètò rẹ̀ sì bàjẹ́, ni ó dàrú. Ẹni tí ó bá ń kọ ìtàn kò gbọdọ̀ lò wọ́n ní ìlòkulò.

Ní ọjọ́ 23 oṣù Keje ọdún 1897 ni Faransé àti Jámánì fọwọ́ sí ìwé àdéhùn ààlà Dahomey àti Togo. Manigri wà ní apá Faransé, Kambolé ní apá Jámánì. (Alédjo náà pé méjì lẹ́bàá ààlà yìí: Alédjo-Koura ní Benin, Alédjo-Kadara ní Togo.) Wọ́n ṣẹ́gun Jámánì ní Togo ní ọdún 1914, Kambolé sì bọ́ sábẹ́ Faransé bíi Manigri, síbẹ̀ ààlà náà kò parẹ́, àti ní ọdún 1960 ó di ààlà orílẹ̀-èdè olómìnira méjì.

Ṣé ààlà yìí da Nàgó ibẹ̀ rú? Rárá o. Ó lè dí ọ̀nà, ó lè yọ arìnrìn-àjò lẹ́nu. Ṣùgbọ́n títí di òní, èdè kan ṣoṣo ni àwọn onímọ̀ ka ti Manigri àti ti Kambolé sí, orúkọ ìlú méjèèjì ni wọ́n sì fi ń pè é.