Iṣẹ́ abẹ tó ń dín ìsanra kù: Ohun tó yẹ kéèyàn mọ̀ kó tó yan ọ̀kan nínú wọn

Láyé àtijọ́, bí wọ́n bá rí ẹni tó sanra nílùú Ìrẹsà-Adú tàbí Ìrẹsà-Apá, ohun tí wọ́n máa ń sọ ni pé ayé ń yẹ ẹ́. Bí irú ẹni bẹ́ẹ̀ bá wá rù, kíá ni àwọn ará àdúgbò yóò ti máa bi ara wọn léèrè irú àìsàn tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nǹkan ti ń yí padà. Láti Ìrẹsà títí dé Ògbómọ̀ṣọ́ àti Ọ̀yọ́, àwọn tí ẹ̀jẹ̀ ríru, àtọ̀gbẹ àti orúnkún ríro ń dà láàmú ń gbọ́ lẹ́nu dókítà pé ara wọn ti wúwo jù. Àwọn kan ti dín oúnjẹ kù, wọ́n ti rìn títí, wọ́n ti mu àgbo lóríṣiríṣi, síbẹ̀ ibi pẹlẹbẹ náà ni ọ̀bẹ ń fi lélẹ̀.

Irú àwọn bẹ́ẹ̀ ni ọmọ wọn tó wà l'Ékòó tàbí lókè òkun máa ń pè lórí fóònù pé iṣẹ́ abẹ kan wà tó lè dín ara kù. Òótọ́ ni, ó wà. Àmọ́ kì í ṣe oríṣi kan ṣoṣo, wọn kò sì jọ ara wọn. Èyí tó bá ara ẹnìkan mu lè di wàhálà sí ẹlòmíràn lára. Ìdí nìyí tí a fi fẹ́ ṣàlàyé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹni tó bá fẹ́ yan èyíkéyìí lè mọ ohun tó ń yàn, kó sì mọ̀ pé ìtọ́jú rẹ̀ kò parí sí ọsibítù tí wọ́n ti ṣe é.

Kì í ṣe ọ̀rá fífà

Ohun tó yẹ ká kọ́kọ́ yà sọ́tọ̀ ni iṣẹ́ abẹ ìṣaralóge, ìyẹn fífa ọ̀rá ikùn jáde tàbí gígé awọ ikùn tó ti rọ̀. Ẹwà lèyí wà fún. Kì í yí bí oúnjẹ ṣe ń gba inú kọjá padà, wọn kì í sì í fi wo àtọ̀gbẹ. Òun náà sì ní ewu tirẹ̀. Ẹ ó rántí pé lẹ́yìn irú iṣẹ́ abẹ bẹ́ẹ̀ ni Ìyáàfin Stella Ọbásanjọ́ kú ní Marbella, lórílẹ̀-èdè Sípéènì, lọ́jọ́ 23, oṣù kẹwàá, ọdún 2005, nígbà tí ọkọ rẹ̀, Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́, jẹ́ Ààrẹ Nàìjíríà. Lọ́dún 2009, ilé-ẹjọ́ kan ní Sípéènì dá dókítà tó ṣe iṣẹ́ náà lẹ́bi pé àìkíyèsára rẹ̀ ló fa ikú náà.

Iṣẹ́ abẹ tí à ń sọ̀rọ̀ rẹ̀ níhìn-ín yàtọ̀ sí ìyẹn. Àpòlúkù, níbi tí oúnjẹ kọ́kọ́ máa ń dúró sí, àti ìfun ni wọ́n ń ṣe é sí. Ó ń jẹ́ kí èèyàn tètè yó, púpọ̀ nínú oríṣi rẹ̀ sì ń dín bí ebi ṣe ń pani kù. Edward Mason àti Chikao Ito, àwọn oníṣẹ́ abẹ ní Yunifásítì Iowa l'Ámẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ oríṣi kan nínú rẹ̀ lọ́dún 1966. Ohun tí Mason ti ṣàkíyèsí ni pé àwọn tí wọ́n gé apá kan àpòlúkù wọn nítorí ọgbẹ́ inú máa ń rù. Lóde òní, ojú ihò kéékèèké mélòó kan ni wọ́n sábà máa ń gbà ṣe é, wọn kì í la ikùn gbàràgàdà mọ́.

Àwọn tó tọ́ sí

Kì í ṣe gbogbo ẹni tó sanra ni iṣẹ́ abẹ yìí wà fún. Ìṣirò kan wà tí àwọn dókítà ń lò. Ẹ fi gíga yín ní mítà sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, kí ẹ sì fi èsì rẹ̀ pín ìwọ̀n ara yín ní kílógíráàmù. Ẹ jẹ́ ká sọ pé obìnrin kan ga ní mítà 1.60, tó sì wọn kílógíráàmù 105. Bí a bá fi 1.60 sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, 2.56 ni yóò jẹ́. Bí a bá fi 2.56 pín 105, a ó rí 41.

Lọ́dún 1991, ìpàdé àwọn onímọ̀ ìlera tó wáyé l'Ámẹ́ríkà fẹnu kò pé ẹni tí èsì rẹ̀ bá tó 40, tàbí tó bá tó 35 tí àìsàn bí àtọ̀gbẹ sì wà lára rẹ̀, ni kí wọ́n ṣe é fún. Lọ́dún 2022, ẹgbẹ́ àwọn oníṣẹ́ abẹ yìí l'Ámẹ́ríkà àti ti àgbáyé tún òfin náà ṣe. Wọ́n ní ẹni tó bá ti tó 35 yẹ fún un, kódà bí kò bá ní àìsàn mìíràn, àti pé wọ́n lè gbé e yẹ̀ wò fún ẹni tó bá tó 30 tí àtọ̀gbẹ ń bá jà.

Oríṣi tó wà

Èyí tí wọ́n ń ṣe jù lágbàáyé báyìí ni sleeve. Wọ́n máa ń gé nǹkan bí ìdá mẹ́rin nínú márùn-ún àpòlúkù dànù, èyí tó kù yóò sì rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́. Wọn kì í fọwọ́ kan ìfun rárá. Àǹfààní rẹ̀ ni pé kò díjú, èròjà oúnjẹ kì í sì í ṣòfò lára tó ti bypass. Àléébù rẹ̀ ni pé ohun tí wọ́n ti gé dànù kò ṣe é dá padà mọ́. Bákan náà, ẹni tí omi kíkan ti máa ń ru sókè sí lọ́fun tẹ́lẹ̀ lè rí i pé ó tún le sí i.

Ìkejì ni bypass. Wọ́n á pín àpòlúkù sí méjì, apá òkè kò sì ní ju bí ẹyin adìyẹ kékeré lọ. Wọ́n á gé ìfun kékeré, wọ́n á fà á sókè, wọ́n á so ó mọ́ àpò kékeré náà. Oúnjẹ kò ní gba inú àpòlúkù ńlá àti ìbẹ̀rẹ̀ ìfun kọjá mọ́, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọn kò gé wọn dànù. Èyí ló sábà máa ń ran ẹni tó ní àtọ̀gbẹ lọ́wọ́ jù, ó sì dára fún ẹni tí omi kíkan ń yọ lẹ́nu. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ lè gbẹ lára onítọ̀hún, eegun rẹ̀ sì lè di hẹ́gẹhẹ̀gẹ bí kò bá lo fítámì, èròjà irin àti kálísíọ́ọ̀mù títí ọjọ́ ayé rẹ̀. Bó bá jẹ ohun dídùn jù, òógùn lè bò ó, ara rẹ̀ á máa gbọ̀n, inú rẹ̀ á sì máa ṣu.

Oríṣi bypass kan tún wà tó jẹ́ pé ojú kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń so ìfun mọ́ àpòlúkù dípò ojú méjì. Ó yá ṣe ju ti àkọ́kọ́ lọ, àmọ́ òróòro lè máa ru wá sínú àpòlúkù.

Ìkẹta ni òrùka. Wọ́n máa ń fi òrùka sílíkóònì yí òkè àpòlúkù ká, wọ́n á sì fi ojú ibi tí wọ́n ti ń fi abẹ́rẹ́ fa omi sí i pamọ́ sábẹ́ awọ ara. Bí omi bá pọ̀ sí i, òrùka náà á fún mọ́ra. Lọ́dún 2001 ni ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí i, ó sì gbayì gan-an nígbà náà nítorí pé wọn kì í gé ohunkóhun dànù. Àwọn tó ń ṣe é ti dín kù gan-an báyìí, torí pé ó lè yẹ̀ kúrò nípò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ló sì ti padà lọ yọ ọ́. Yàtọ̀ sí èyí, léraléra ni wọ́n gbọ́dọ̀ máa lọ tún omi inú rẹ̀ ṣe.

Ìkẹrin le jù nínú gbogbo wọn. Wọ́n á gé àpòlúkù bíi ti sleeve, wọ́n á tún yí ọ̀nà ìfun padà débi pé oúnjẹ kò ní gba ibi tó pọ̀ jù nínú rẹ̀ kọjá. Òun ló ń dín ara kù jù, òun náà ló sì lè mú kí oúnjẹ aṣaralóore dínkù lára jù. Àwọn tí èsì ìṣirò wọn lé ní 50 ni wọ́n sábà máa ń rò ó fún.

Bàlúùnù, tí wọ́n ń tì bọ àpòlúkù láti ẹnu, kì í ṣe iṣẹ́ abẹ gan-an. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ju oṣù mẹ́fà lọ tí wọ́n á fi yọ ọ́, ara sì lè padà. Abẹ́rẹ́ semaglutide, tí ìjọba Amẹ́ríkà fọwọ́ sí fún ìdínsanrakù lọ́dún 2021, náà wà, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ ẹni tó bá dáwọ́ rẹ̀ dúró ni ara wọn ń padà bọ̀ sípò.

Bí wọ́n ṣe ń dín ara kù sí

Ìwádìí kan tí wọ́n gbé jáde l'Ámẹ́ríkà lọ́dún 2018, tó kan àwọn tó lé ní 40,000, fi bypass, sleeve àti òrùka wéra. Lẹ́yìn ọdún márùn-ún, ìpíndọ́gba ohun tó dínkù lára àwọn tó ṣe bypass jẹ́ ìdá 25.5 nínú ọgọ́rùn-ún, ti sleeve jẹ́ 18.8, ti òrùka sì jẹ́ 11.7. Ká sọ pé ẹnìkan wọn kílógíráàmù 120, ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bypass lè yọ nǹkan bíi kílógíráàmù 30 kúrò, sleeve 22, òrùka 14. Àmọ́ àwọn tó ṣe bypass nínú ìwádìí náà ló tún kó sí ewu jù ní oṣù kìíní.

Bí èèyàn ṣe lè yàn

Ohun àkọ́kọ́ ni àìsàn tó wà lára. Bó bá jẹ́ àtọ̀gbẹ tó le tàbí omi kíkan ni, bypass ni dókítà máa ń kọ́kọ́ rò. Bó bá jẹ́ pé onítọ̀hún ní àìsàn mìíràn tó gbọ́dọ̀ máa lo oògùn fún lójoojúmọ́, sleeve lè dára fún un jù, nítorí pé bypass lè yí bí oògùn ṣe ń wọ ara padà.

Èkejì ni ohun tó ti mọ́ra. Ẹni tó ṣe bypass kò gbọ́dọ̀ máa lo ibuprofen, diclofenac tàbí Alábùkún, tó ní aspirin nínú, bí orí bá ń fọ́ ọ, torí pé ojú ibi tí wọ́n so lè di ọgbẹ́. Sìgá kò bá a mu. Ọtí máa ń tètè pa á ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí kan àgbo tí wọ́n fi ọtí rẹ. Kòkòrò tó ń fa ọgbẹ́ inú sì wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa, nítorí náà, ó dára kí wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò, kí wọ́n sì tọ́jú rẹ̀ kí wọ́n tó fọwọ́ kan àpòlúkù.

Ẹ̀kẹta, tí ọ̀pọ̀ kì í rò, ni ọ̀nà ilé. Ọjọ́ kan péré ni wọn yóò fi ṣe iṣẹ́ abẹ, ṣùgbọ́n ọdọọdún ni àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀, ojoojúmọ́ sì ni fítámì. Ẹni tó ń gbé ní Ìrẹsà tó lọ fi òrùka sí ikùn ní Íńdíà, ta ni yóò máa bá a tún omi inú rẹ̀ ṣe? Ẹni tó ṣe bypass, ṣé yóò lè máa ra oògùn rẹ̀ lóṣooṣù lẹ́yìn tí ọmọ tó san owó àkọ́kọ́ bá ti padà sẹ́nu iṣẹ́? Bí èsì ìbéèrè yìí kò bá dán mọ́rán, oríṣi tí kò gba ìtọ́jú púpọ̀ lẹ́yìn rẹ̀ ló sàn jù, tàbí kéèyàn má tíì ṣe é rárá.

Lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ

Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan àkọ́kọ́, nǹkan olómi ni wọ́n máa ń jẹ, kó tó di oúnjẹ rírọ̀. Ẹyin, ẹja, mọ́ínmọ́ín àti wàrà ni yóò máa ṣáájú àmàlà nínú abọ́, díẹ̀díẹ̀ sì ni. Kí Mùsùlùmí tàbí Kìrìsítẹ́nì tó gba ààwẹ̀, kó kọ́kọ́ bi dókítà, torí pé omi lè tètè gbẹ lára ẹni tí kò lè mu púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Obìnrin tí kò tíì dáwọ́ bíbí dúró gbọ́dọ̀ mọ̀ pé oyún lè tètè dúró bí ara bá ti ń fúyẹ́, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó dúró fún oṣù 12 sí 18 kó tó lóyún. Òkúta lè hù nínú òróòro ẹni tó rù kíákíá. Ewu ikú kò pọ̀ lọ́wọ́ àwọn tó mọ̀ ọ́n ṣe, àmọ́ ẹ̀jẹ̀ dídì àti jíjò ojú ibi tí wọ́n rán ṣì lè ṣẹlẹ̀. Nítorí náà, ẹni tí ibà bá mú, tí inú ń run gan-an, tàbí tí kò lè mí dáadáa lẹ́yìn tó délé, kó má ṣe dúró mu àgbo. Ọsibítù ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀.

Ibi téèyàn ti lè bẹ̀rẹ̀

Kò sí ìdí tí ará Ìrẹsà yóò fi kọ́kọ́ sáré lọ sí òkè òkun. Ọsibítù ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn Yunifásítì Bowen, tí àwọn Onítẹ̀bọmi bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1907, àti ti LAUTECH wà nítòsí ní Ògbómọ̀ṣọ́. UCH sì wà n'Íbàdàn. Níbẹ̀ lèèyàn ti lè ṣàyẹ̀wò ṣúgà, ìfúnpá, ọkàn àti àpòlúkù, kó sì gba ìwé lọ sọ́dọ̀ ẹni tó mọṣẹ́. Bó bá dé ọ̀dọ̀ oníṣẹ́ abẹ, l'Ékòó ni o, l'Ábùjá ni o, tàbí lókè òkun, kó bi í pé mélòó ló ti ṣe, kí ló dé tó fi yan oríṣi yìí, èló ni gbogbo rẹ̀ pẹ̀lú ìtọ́jú ọdún àkọ́kọ́, ta ni yóò sì máa tọ́jú òun bí òun bá ti padà sílé.

Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde. Dókítà tó sún mọ́ni, tó gbà láti máa tẹ̀ lé ìtọ́jú náà, ló yẹ kéèyàn kọ́kọ́ wá, kó tó wá ẹni tí yóò mú ọ̀bẹ.