Ọkàn àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ nígbà Kòrónà

Ní ọjọ́ 6 oṣù kẹta ọdún 2020 ni wọ́n kéde ẹni àkọ́kọ́ tí Kòrónà mú ní Togo. Kálukú ń bẹ̀rù fún ara rẹ̀. Ta ló bèèrè bí ọkàn àwọn tó ń ṣe iṣẹ́ abẹ fún wa ṣe rí?

Ní ọjọ́ 20 oṣù náà, ìjọba ti ọ̀nà tó wọ Lomé, Tsévié, Kpalimé àti Sokodé. Sokodé yìí sì ni CHR, ilé ìwòsàn ńlá agbègbè wa, wà. Ọ̀nà lè tì, àmọ́ aboyún tí ọmọ há sí nínú kò lè dúró, ẹni tí ìfun rẹ̀ lọ́ kò lè dúró.

Nínú yàrá iṣẹ́ abẹ, èyí tí wọ́n ń pè ní bloc ní Faransé, kò sí pé à ń jìnnà síra wa ní mítà kan. Ẹni tó ń fún aláìsàn ní oògùn oorun ló ń ki rọ́bà bọ̀ ọ́ lọ́fun, èémí aláìsàn ń fẹ́ sí i lójú. Dókítà wà níbẹ̀, nọ́ọ̀sì tó ń na irinṣẹ́ sí i wà níbẹ̀, ẹni tó ń nu ẹ̀jẹ̀ nílẹ̀ náà ńkọ́? Iṣẹ́ pàjáwìrì kì í dúró de èsì àyẹ̀wò. Wọ́n á la ikùn ẹni tí wọn ò mọ̀ bóyá ó ní in.

Èyí tó tún wúwo ni kí wọ́n máa dá àwọn mìíràn padà sílé. Àwọn olùwádìí ṣírò pé láàárín ọ̀sẹ̀ 12 tí àrùn náà le jù, iṣẹ́ abẹ bíi mílíọ̀nù 28 ni wọ́n sún síwájú káàkiri ayé. Dókítà ló máa sọ fún aláìsàn pé, "Ẹ lọlé ná." Tí onítọ̀hún bá padà wá tí nǹkan ti bàjẹ́, báwo ni dókítà ṣe máa sùn?

Ká sọ òótọ́, àwa náà lẹ́bi. Nọ́ọ̀sì bá ń kọjá, a fa ọmọ wa sẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ òun náà la sáré gbé ọmọ lọ bá nígbà tó já bọ́ lórí igi máńgòrò.

Oorun tó dá, ìbínú òjijì, àyà tó ń já, sódàbì tó ń pọ̀ sí i lálaalẹ́, iṣẹ́ tí kò wuni mọ́: àmì rẹ̀ nìyẹn. Ní 2019, OMS kọ àárẹ̀ tí iṣẹ́ ń fà yìí sínú ìwé rẹ̀, ó ní ọ̀rọ̀ iṣẹ́ ni, kì í ṣe àrùn. Kì í ṣe wèrè rárá. Àmọ́ níhìn-ín, tí èèyàn bá ti sọ pé ọkàn òun ò balẹ̀, Zébé la máa kọ́kọ́ dá lórúkọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pa á mọ́ra.

Abẹ́rẹ́ àjẹsára dé ní oṣù kẹta ọdún 2021, àwọn òṣìṣẹ́ ìlera ni wọ́n kọ́kọ́ gún. Ẹ̀rù dín, àmọ́ oorun ò padà fún gbogbo wọn lẹ́ẹ̀kan náà. Ohun tó ń ràn wọ́n lọ́wọ́ kò ṣòro: ìsinmi gidi láàárín iṣẹ́ òru méjì, ọ̀gá tó ń sọ òótọ́ nípa ìbòmú àti ìbọ̀wọ́ tó kù, ẹnì kan tí wọ́n lè bá sọ̀rọ̀ láìsí ẹ̀sín. Tí ọmọ yín tàbí ìyàwó yín bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, tí kò rí oorun sùn fún ọ̀sẹ̀ méjì, ẹ bá a lọ sọ́dọ̀ dókítà, kí ẹ má jẹ́ kó dá lọ.