Ọyẹ́ dé o: ìdí tí mọ́tò fi ń pẹ́ kó tó gbóná, àti ìtàn tó wà lẹ́yìn rẹ̀

 

Láàárọ̀ àná, kó tó di aago mẹ́fà, mo gbọ́ tí àbúrò kan ní àdúgbò wa sítáàtì mọ́tò rẹ̀. Ó fi í sílẹ̀ kó máa ké, ó padà wọlé lọ mu ẹ̀kọ àti àkàrà. Ìgbà tó fi máa jáde, ó ti tó ogún ìṣẹ́jú. Mo bi í pé kí ló dé. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí bàbá mi ṣe máa ń ṣe é nìyẹn. Ẹ́ńjìnnì gbọ́dọ̀ gbóná kó tó rìn."

Mo rẹ́rìn-ín, torí bàbá tèmi náà máa ń ṣe bẹ́ẹ̀. Peugeot 504 ló ní, irú èyí tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kaduna lọ́dún 1975. Tí ọyẹ́ bá ti mú, á fa ṣóòkù síta, á sítáàtì, á sì dúró ti mọ́tò náà bí ẹni tó ń ṣọ́ ọmọ tí ara rẹ̀ kò yá. Bàbá kò ṣìṣe. Ṣùgbọ́n àbúrò mi yìí, mọ́tò ọdún 2008 ló ń wà, kò sì mọ̀ pé ohun tí bàbá rẹ̀ ń dúró dè kò sí nínú mọ́tò tirẹ̀ mọ́. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n kọ ìtàn yìí, torí ó kan àpò wa, ó sì kan ẹ̀mí wa pẹ̀lú.

Ẹ jẹ́ ká mú un láti ìpìlẹ̀. Kí ló dé tí òtútù fi ń yọ ẹ́ńjìnnì lẹ́nu? Ohun mẹ́ta ni. Àkọ́kọ́ ni ọ́ìlì. Bí epo pupa ṣe ń dì nínú kẹ́ẹ̀gì lásìkò ọyẹ́, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì ṣe máa ń ki tí òtútù bá mú un, kì í tètè ṣàn dé ibi tí irin ti ń gún irin. Ìkejì ni pẹtiróòlù. Ó ní láti di afẹ́fẹ́ kó tó lè jó dáadáa. Tí irin inú ẹ́ńjìnnì bá tutù, á kàn máa lẹ̀ mọ́ ara irin bí ìrì ṣe ń lẹ̀ mọ́ ewé. Ìkẹta ni bátìrì. Agbára rẹ̀ máa ń dínkù nínú òtútù, nígbà tó jẹ́ pé àsìkò yẹn gan-an ni ẹ́ńjìnnì nílò agbára jù láti yí.

Ní tiwa níbí, Jos ga ju ojú òkun lọ ní nǹkan bíi 1,200 mítà. Lásìkò ọyẹ́, òtútù ìdájí lè sọ̀kalẹ̀ dé nǹkan bíi 10°C. Àwọn baba wa tó wá láti Ògbómọ̀ṣọ́, Ọ̀ffà àti àwọn ìlú mìíràn sí ibi kùsà tánganran yìí, lẹ́yìn tí ojú irin kékeré láti Zaria ti dé Bukuru lọ́dún 1914, òtútù yìí ló kọ́kọ́ kí wọn káàbọ̀. Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, eléyìí tiwa kéré. Ní Amẹ́ríkà àti Kánádà, ibi tí ìtàn yìí ti wá, omi fúnra rẹ̀ ń dì sínú mọ́tò.

Ọdún 1908 ni Ford gbé Model T jáde. Kò sí kọ́kọ́rọ́ tí èèyàn máa yí. Irin wíwọ́ kan ló wà níwájú mọ́tò, ọwọ́ ni wọ́n fi ń yí i. Tí òtútù bá mú, ọ́ìlì tó ki yìí á di ẹ́ńjìnnì mú, ẹni tó ń yí i á làágùn nínú yìnyín. Àwọn kan máa ń fi jáàkì gbé táyà ẹ̀yìn kan sókè kó lè rọrùn láti yí. Nígbà mìíràn, irin yẹn á ta padà, á sì dá èèyàn lápá. Lóru, wọ́n máa ń tú omi rédíétọ̀ dà nù, torí tí omi bá dì, ńṣe ló ń wú, á sì la irin ẹ́ńjìnnì bí ìgò omi tí a gbàgbé sínú fìrísà. Tí ilẹ̀ bá mọ́, wọ́n á gbé omi gbígbóná kaná, wọ́n á dà á sí i. Iṣẹ́ nìyẹn kí èèyàn tó lọ síbi iṣẹ́ o!

Lọ́dún 1912, Cadillac gbé mọ́tò jáde tó ń fi iná bátìrì sítáàtì ara rẹ̀, iṣẹ́ ọwọ́ Charles Kettering sì ni. Nígbà tó di 1927, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ta Prestone, ògùn tí wọ́n ń dà pọ̀ mọ́ omi rédíétọ̀ kó má baà dì. Òun ni a wá mọ̀ sí coolant lónìí. Ẹ̀yin tó rò pé fún ìgbóná nìkan ni coolant wà, ọ̀rọ̀ òtútù ló kọ́kọ́ gbé e wá.

Inú mọ́tò ńkọ́? Àwọn mọ́tò àkọ́kọ́ kò ní ògiri, aṣọ ni wọ́n fi ń bo ẹ̀gbẹ́ wọn. Àwọn èrò á da bùláńkẹ́ẹ̀tì bora, wọ́n á gbé àpótí kékeré tí ẹyin iná wà nínú rẹ̀ sábẹ́ ẹsẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn kan bẹ̀rẹ̀ sí í fa ooru láti ara páìpù sàlẹ́ńsà wọ inú mọ́tò. Ó ń tètè gbóná lóòótọ́, torí páìpù yẹn kì í pẹ́ gbóná. Ṣùgbọ́n tí páìpù bá lu, èéfín olóró á bá ooru wọlé. Ẹ fi ọ̀rọ̀ èéfín yìí sọ́kàn, a máa padà sí i.

Nígbà tí mọ́tò onílé, tó ní ilẹ̀kùn àti gíláàsì, gbòde láàárín ọdún 1920 sí 1929, wọ́n wá ronú kan omi gbígbóná tó ń yí ká inú ẹ́ńjìnnì. Wọ́n fa díẹ̀ nínú rẹ̀ gba inú rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọ́ọ̀dù, wọ́n sì fi fáànù fẹ́ ooru rẹ̀ sí èrò lára. Lọ́dún 1938, ilé iṣẹ́ Nash gbé irú hítà kan jáde, tó ń gba afẹ́fẹ́ títun láti ìta, tó sì ń mú un gbóná kó tó wọlé. Bí hítà ṣe ń ṣiṣẹ́ nínú ọ̀pọ̀ mọ́tò títí dòní nìyẹn. Síbẹ̀, ó pẹ́ tó jẹ́ pé ẹni tó bá fẹ́ hítà á san owó lọ́tọ̀ ni.

Ohun tí ọ̀pọ̀ wa kò mọ̀ rèé: hítà kì í dá iná tirẹ̀. Nínú gbogbo agbára tó wà nínú pẹtiróòlù, ohun tí kì í sábà tó ìdá kan nínú mẹ́ta ló ń ti mọ́tò lọ síwájú. Ìyókù di ooru, omi ń gbé apá kan, sàlẹ́ńsà ń gbé apá kan jáde. Ooru tó ṣẹ́kù yẹn ni hítà ń pín fún wa. Ìdí nìyẹn tí inú mọ́tò kò fi lè gbóná ṣáájú ẹ́ńjìnnì. Ìdí náà sì nìyẹn tí dídúró lójú kan kò fi wúlò: ẹ́ńjìnnì tó ń ké lásán ń jó epo díẹ̀, ooru tó ń mú jáde kéré. Tó bá ń rìn, iṣẹ́ pọ̀, ooru náà á pọ̀. Nínú òtútù tó tó -20°C, mọ́tò lè máa ké fún ìdajì wákàtí kí atẹ́gùn hítà rẹ̀ ṣì jẹ́ lọ́wọ́ọ́wọ́. Tí wọ́n bá ń wà á pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ooru á ti bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láàárín ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá. Ọ́ìlì ló máa ń kẹ́yìn, ó ń pẹ́ ju omi lọ kó tó gbóná tán.

Volkswagen tí àwa ń pè ní Ìjàpá kò bá wọn lò omi rárá. Atẹ́gùn ló ń fi tu ara rẹ̀, ara páìpù sàlẹ́ńsà ló sì ti ń wá ooru fún èrò. Àwọn tó lò ó ní Yúróòpù mọ bí òtútù ṣe ń jẹ wọ́n nínú rẹ̀. Tí páìpù bá sì ti dógùn-ún, òórùn ẹ́ńjìnnì á máa bá ooru wọlé.

Ní ìhà North Dakota, ọkùnrin kan ní Grand Forks, Andrew Freeman, ronú pé kí ló dé tí a kò kúkú ní fi iná ilé mú ẹ́ńjìnnì gbóná kó tó di pé a sítáàtì rẹ̀. Ó gba ìwé ẹ̀tọ́ ìjọba lórí iṣẹ́ náà lọ́dún 1949. Títí di òní, ẹni tó bá dé Winnipeg tàbí Fairbanks á rí wáyà tó yọ sórí níwájú mọ́tò, á tún rí ibi tí wọ́n ń kì í bọ iná níbi ìgbọ́kọ̀sí. Tí ẹ bá ní ọmọ níbẹ̀ tó fi fọ́tò rẹ̀ ránṣẹ́, ẹ má rò pé mọ́tò oníná ni gbogbo wọn o.

Ó wá kan ṣóòkù bàbá mi. Kabúrétọ̀ kò gbọ́n, kò mọ̀ bóyá òtútù mú tàbí oòrùn ń ràn. Èèyàn ló ń fa ṣóòkù kí afẹ́fẹ́ dínkù kí epo sì pọ̀, títí ẹ́ńjìnnì á fi gbóná. Tí bàbá bá tètè gbéra, mọ́tò á máa kọ́, á sì kú sójú ọ̀nà. Dídúró rẹ̀ bọ́gbọ́n mu. Ṣùgbọ́n lọ́dún 1967, Volkswagen bẹ̀rẹ̀ sí í ta 1600 tó ń lo ẹ̀rọ Bosch láti wọn epo fún ara rẹ̀. Nígbà tó fi di ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1990 síwájú, kabúrétọ̀ ti kásẹ̀ nílẹ̀ nínú mọ́tò títun ní Amẹ́ríkà. Mọ́tò òde òní ní ohun tó ń wọn òtútù omi rẹ̀, kọ̀ǹpútà rẹ̀ ló ń fa ṣóòkù fún un. Àwọn aláṣẹ ní Amẹ́ríkà pàápàá ń sọ pé nǹkan bí ọgbọ̀n ìṣẹ́jú àáyá ti tó, kí èèyàn rọra máa lọ. Ohun tí ogún ìṣẹ́jú ń ṣe ni pé ó ń jó epo lásán, epo tí kò jó tán sì ń ṣàn lọ bá ọ́ìlì, ó ń mú un ṣàn jù. Pẹ̀lú iye tí a ń ra lítà epo báyìí, ta ló ní èyí tó máa ṣòfò?

Ẹ jẹ́ kí n wá fọwọ́ kan ohun kan tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín wa. Thermostat ni ilẹ̀kùn kékeré tó wà lójú ọ̀nà omi. Láàárín ọdún 1930 sí 1939, Sergius Vernet ṣe irú èyí tó ní ìda nínú. Tí omi bá tutù, ilẹ̀kùn náà á tì, omi kò ní lọ sí rédíétọ̀, kí ẹ́ńjìnnì lè tètè gbóná. Tí ooru bá súnmọ́ 90°C, ìda á yọ́, á wú, ilẹ̀kùn á ṣí. Tí tòkunbọ̀ bá dé, ohun àkọ́kọ́ tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì wa ń ṣe ni pé wọ́n á yọ ọ́ jù sígbó. Wọ́n ní ti òyìnbó ni, ilẹ̀ wa gbóná.

Mo mọ ibi tí èrò yẹn ti wá. Omi kànga tí a ń dà sí i dípò coolant ń mú ìpẹtà wá, ìpẹtà ń mú kí thermostat há ní títì, mọ́tò á sì hó. Wọ́n rí ẹni tó há, wọ́n dá ilẹ̀kùn lẹ́bi, wọn kò dá omi lẹ́bi. Wọ́n ṣe tèmi náà bẹ́ẹ̀ lọ́dún díẹ̀ sẹ́yìn. Ní ìdájí ọyẹ́ ní Jos, ọwọ́ ìwọ̀n ooru kò kúrò nílẹ̀ títí mo fi dé ibi iṣẹ́. Kọ̀ǹpútà rò pé òtútù ṣì ń mú ẹ́ńjìnnì, ó ń da epo sí i lọ. Ìgbà tí mo ra òmíràn tí mo fi coolant sí i ni epo tó wá pẹ́ lọ́wọ́ mi.

Ohun tó wà lẹ́yìn ẹẹ́fà, ó ju eéje lọ. Owó epo kéré sí ẹ̀mí. Mo ní kí ẹ fi ọ̀rọ̀ èéfín sọ́kàn. Carbon monoxide tó ń jáde láti sàlẹ́ńsà kò ní òórùn, kò ní àwọ̀. Ó ń dì mọ́ ẹ̀jẹ̀ ju atẹ́gùn tí a ń mí lọ ní ìlọ́po tó lé ní 200. Orí á kọ́kọ́ máa fọ́ èèyàn, ara á rọ̀, oorun á gbé e lọ, kò sì ní jí mọ́. Ní ilẹ̀ òtútù, ó ti pa ọ̀pọ̀ ẹni tó sítáàtì mọ́tò nínú gáréèjì kó lè gbóná, àti ẹni tó jókòó sínú mọ́tò nígbà tí yìnyín ti dí ẹnu sàlẹ́ńsà. Ṣíṣí ilẹ̀kùn gáréèjì nìkan kò tó.

Níbí wa, èéfín kan náà ni ti jẹnẹrétọ̀ tí a gbé sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ torí olè, tí a wá ti fèrèsé nítorí ọyẹ́. Òun náà ni ti ẹyin iná èédú tí a gbé wọ yàrá kí ara ọmọ lè móoru. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí òtútù mú wa díẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin ará: ẹ sítáàtì, ẹ fi ẹ̀ṣọ́ nu gíláàsì, ẹ rọra máa lọ. Ẹ má tẹ iná mọ́ ọn títí ẹ ó fi rìn díẹ̀. Ẹni tó bá ṣì ń lo kabúrétọ̀ lè dúró díẹ̀ sí i, ṣùgbọ́n ìta gbangba ni o. Tí ẹ bá ní ọmọ ní Kánádà tàbí Gẹ̀ẹ́sì, ẹ pè é lálẹ́ òní, ẹ bi í pé níbo ló ti ń mú mọ́tò rẹ̀ gbóná.

Àbúrò mi, láàárọ̀ yìí, jẹun tán kó tó sítáàtì. Ó kú àgbọ́yé. Ọyẹ́ ọdún yìí kò ní gbé ẹnikẹ́ni wa lọ o. Àṣẹ.