Ìwífún Aláìsàn Inú Fáìlì Ìwádìí Ìlera: Ìlò Rẹ̀, Ewu Rẹ̀ àti Ẹ̀tọ́ Yín

Fáìlì tí ẹ̀rọ X-ray tàbí ẹ̀rọ CT ń ṣe ní ilé ìwòsàn kì í ṣe àwòrán lásán. Ìlànà DICOM, tí irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ń tẹ̀ lé káàkiri àgbáyé, fi àyè sílẹ̀ nínú fáìlì fún orúkọ aláìsàn, nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀, ọjọ́ ìbí rẹ̀, bóyá ọkùnrin ni tàbí obìnrin, àti ọjọ́ tí a ya àwòrán náà. Àkọsílẹ̀ yìí ni a pè ní ìwífún aláìsàn.

Bí a ṣe ń lò ó
Olùwádìí kì í ṣí fáìlì lọ́kọ̀ọ̀kan. Ètò kọ̀ǹpútà bíi pydicom, tí kò gba owó, ni wọ́n fi ń ka ìwífún náà láti inú ẹgbẹẹgbẹ̀rún fáìlì, tí wọ́n sì ń tò ó sínú àtẹ. Láti inú àtẹ yìí ni wọ́n ti ń ya àwòrán ìṣirò, tí ó ń fi hàn bí ọjọ́ orí àwọn aláìsàn ṣe pín sí, àti iye ọkùnrin àti obìnrin. Bí obìnrin bá kéré jù nínú ìwádìí, àwòrán náà yóò fi hàn kíákíá pé a kò lè gbé èsì rẹ̀ lé gbogbo obìnrin lórí.

Ewu tó wà níbẹ̀
Yíyọ orúkọ kúrò nìkan kò tó. Ní Amẹ́ríkà, ní àwọn ọdún 1990, Latanya Sweeney fi àkọsílẹ̀ ìlera tí a ti yọ orúkọ kúrò nínú rẹ̀ wé ìwé orúkọ àwọn olùdìbò. Ọjọ́ ìbí, jíjẹ́ ọkùnrin tàbí obìnrin, àti nọ́ńbà àdúgbò ni ó fi dá àkọsílẹ̀ William Weld, gómìnà Massachusetts, mọ̀. Bákan náà ni ìlú kékeré: bí àwòrán ìṣirò bá sọ pé obìnrin kan ṣoṣo tó ti lé ní ọgọ́rin ọdún ló ní àrùn kan, àwọn ará àdúgbò yóò mọ ẹni náà.

Nítorí náà, ó yẹ kí olùwádìí lo ìsọ̀rí ọjọ́ orí dípò ọjọ́ ìbí, kí ó pa àwọn ìsọ̀rí tí ènìyàn inú wọn kéré pọ̀, kí ó sì yẹ ojú àwòrán fúnra rẹ̀ wò, nítorí orúkọ a máa hàn lórí àwòrán sikáànì oyún.

Ẹ̀tọ́ yín
Òfin Ìlera Orílẹ̀-èdè ti ọdún 2014 ka ọ̀rọ̀ ìlera aláìsàn sí àṣírí. Òfin Ìdáàbòbò Dátà Nàìjíríà ti ọdún 2023 kà á mọ́ ìwífún tó nílò ìṣọ́ra pàtàkì, ó sì fún ẹni tó ti yọ̀ǹda ìwífún rẹ̀ ní àǹfààní láti fa ìyọ̀ǹda náà padà.

A rọ̀ yín, kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé ìyọ̀ǹda ìwádìí, ẹ béèrè ohun mẹ́ta: Kí ni ẹ ó yọ kúrò nínú fáìlì mi? Ta ni yóò rí ìyókù? Báwo ni mo ṣe lè fa ìyọ̀ǹda mi padà?